Ṣọkọ kì í ṣe koríko: àtúnṣe sí ohun tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ìmọ́tótó àyíká

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá lórí ìwé ìròyìn èdè wa. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mo sì máa ń gé ojú ewé iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí ìmọ́tótó àyíká fi dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó kọ ọ́ gba àwọn onílé níyànjú pé kí wọ́n tu gbogbo koríko tó bá hù síwájú ilé, kí wọ́n sì gbin òdòdó tó fani mọ́ra síbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ka orúkọ àwọn koríko tí a gbọ́dọ̀ tu, ó ka ṣọkọ mọ́ wọn, ó ka tẹ̀tẹ̀, ó ka gbúre. Nígbà tó wá ń ka òdòdó tí a lè rà, èyí tó fi ṣáájú ni òdòdó olórí pupa tó rí bí ogbe orí àkùkọ. Olóòtú, ọ̀kan náà ni ṣọkọ àti òdòdó yẹn. Ohun tí ẹ ní kí a tu dànù ni ẹ tún ní kí a lọ fowó rà.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kà nínú ìwé ìròyìn máa ń wọ̀ wọ́n létí ju ohun tí olùkọ́ wí lọ. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá pe ṣọkọ ní koríko lónìí, kò ní pẹ́ tí ọmọ Yorùbá yóò fi máa pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní òdú kì í ṣàìmọ̀ fólóko, òdú fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ṣọkọ bá yọ òdòdó lónìí, olóko wà tó máa wò ó láwòfín tí kò ní dá a mọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Nínú àkùrọ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ fún ọjà, kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ tí wọ́n á ti fà á tu tegbòtegbò, tàbí kí wọ́n rẹ́ orí rẹ̀ kí ó lè tún yọ ẹ̀ka. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò fẹ́ kí òdòdó hàn lórí ìdì ẹ̀fọ́ rẹ̀ rárá, nítorí bí oníbàárà bá ti fojú kàn án báyìí, yóò ní ó ti gbó, yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Bí ọmọ tí wọ́n fi ṣọkọ tọ́ dàgbà ṣe lè dé ilé ọkọ láìrí òdòdó ṣọkọ rí nìyẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò ga dé àyà ènìyàn, yóò la ẹ̀ka, ṣóńṣó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò sì yọ orí kan tó rí bí ìka ọwọ́, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, tó sì funfun bíi fàdákà nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa á: ó máa ń dún bí ìwé gbígbẹ láti ọjọ́ tó ti yọ, kódà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìbàdàn. Ní òjò èṣí, mo gbin ṣọkọ pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà mi, láti ẹnu géètì títí dé orígun ilé. Mo já èyí tí mo fẹ́ jẹ, mo sì fi bíi mẹ́wàá sílẹ̀ kí wọ́n yọ òdòdó, kí n lè rí irúgbìn gbà. Ó ku díẹ̀ kí irúgbìn wọn gbó nígbà tí àwọn tí ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù gbà láti máa gé koríko àdúgbò dé pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Èmi ti lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, mo bá gbogbo wọn lókìtì nínú gọ́tà, orí òdòdó ṣì wà lára wọn, irúgbìn inú wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n irúgbìn tí kò tíì gbó kò lè hù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ṣà á.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn kan náà gbé òdòdó dé nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, òdòdó inú láílọ́ọ̀nù dúdú dúdú, wọ́n sì ń tò wọ́n sí ẹnu géètì ńlá àdúgbò. Mo sún mọ́ ọn. Olórí rẹ̀ tóbi, ó pupa fòò, ó ká jọ bí ọpọlọ ẹran. Mo wo ewé rẹ̀, mo já ọ̀kan, mo fi ìka pa á, mo gbóòórùn rẹ̀: òórùn ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá mi bá ń rẹ́ ṣọkọ sínú igbá ni. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ orí òdòdó náà, mo gbọ̀n ọ́n díẹ̀, irúgbìn kéékèèké dúdú tó ń dán bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbìn ín pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, “Mama, òdòdó òyìnbó ni o. Wọn kì í jẹ ẹ́.” ₦1,500 ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí èmi náà dá wà nínú rẹ̀.

N kò bá ọmọ náà wí, ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ewéko ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹbí kan ni wọ́n. Ọ̀mọ̀wé ọmọ Swídìn nì, Linnaeus, fún wọn lórúkọ ní 1753: ó pe èyí tí àwa ń jẹ ní Celosia argentea, nítorí àwọ̀ fàdákà ara òdòdó rẹ̀, ó sì pe èyí tó ní ogbe ní Celosia cristata. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ jíjó iná ni wọ́n ti mú Celosia jáde. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà wọ́n sí irú kan ṣoṣo tí ènìyàn ti fi ọwọ́ yan oríṣiríṣi láti inú rẹ̀. Ṣóńṣó orí èyí tó dà bí ogbe kò mọ bí a ti ń dúró sójú kan nígbà tó ń dàgbà, ńṣe ló ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń ká lé ara rẹ̀. Òmíràn wà tí orí rẹ̀ ń rú sókè bí ọwọ́ iná. Tiwa ni èyí tó dúró gbọnrangandan láìfẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ pàápàá, mọ̀lẹ́bí wọn ni.

Ẹni tó bá ń se ṣọkọ pupa kò nílò kí onímọ̀ ewéko jẹ́rìí fún un. Bí ó bá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, omi náà yóò pọ́n bí omi osùn, ewé yóò sì jáde ní tútù bí ẹni pé kò pupa rí. Àwọ̀ tó bọ́ sínú omi yẹn, betalain, òun ni irú àwọ̀ tó wà nínú beetroot, òun náà ló kun orí òdòdó tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá títì. Ti ìṣápá tí a fi ń ṣe zobo yàtọ̀ sí i pátápátá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó dára kí a da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ oxalic acid wà nínú ṣọkọ, bó ṣe wà nínú gbúre àti tẹ̀tẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ara rí calcium inú oúnjẹ lò dáadáa, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń bá omi lọ. Ìyá mi kò mọ orúkọ èròjà náà, ṣùgbọ́n kò fi omi àkọ́bọ̀ ro ẹ̀fọ́ rí ní ojú mi.

Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí àwọn ìyá wa rò nípa rẹ̀. Ṣọkọ yòkòtò: ó ń sọ ọkọ di yòkòtò, ara ọkọ á dá ṣáṣá, á sanra. Wọn kì í fún koríko ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ dà nù, tí epo pupa gbóná, tí ata àti àlùbọ́sà ti din, tí irú ti bọ́ sí i, tí edé àti pọ̀nmọ́ sì ti bá a mu, ewé ṣọkọ kì í le lẹ́nu, kì í sì í fà bí ti amúnútutù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò gbé oko ẹ̀fọ́ wọn dání, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan wà níbẹ̀ títí dòní tí wọ́n ń pè ní efó, ewé tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé ibẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò tiwa. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Houston fún irúgbìn tí mo fi ránṣẹ́ sí i sẹ́yìn ilé rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ yìn ín pé òdòdó rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Ó se díẹ̀ fún obìnrin náà. Obìnrin yẹn ti ń gbin irú òdòdó bẹ́ẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ lọ́dọọdún, kò mọ̀ pé ó ṣeé jẹ.

N kò sọ pé ṣọkọ kò lè di koríko. Ní Íńdíà, ó máa ń yọ àwọn tó ń gbin ọkà bàbà àti ẹ̀pà lẹ́nu gidigidi ní àsìkò òjò, nítorí irúgbìn ọ̀pọ̀ yanturu ni igi kan ṣoṣo ń dà sílẹ̀. Èmi náà máa ń tu ú kúrò láàárín àgbàdo. Ibi tí ewéko bá hù sí àti ohun tí ẹni tó ni ilẹ̀ ń fẹ́ níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ di koríko. Àwọn ará Ṣáínà ń fi irúgbìn ṣọkọ kan náà ṣe oògùn ojú.

Bí ẹ bá fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa ewéko tó ń dà wá láàmú, Olóòtú, àwọn tó wọlé tọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí òdòdó ẹlẹ́wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo water hyacinth. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, nítorí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ ni wọ́n fi gbé e káàkiri ayé. Ní 1984 ni wọ́n rí i nínú omi Badagry, ó gba ojú omi wọlé láti ọ̀nà Porto-Novo, láàárín ọdún díẹ̀ ó sì ti tàn dé Èkó, dé Ẹ̀pẹ́, dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń gbé àwọ̀n apẹja lọ. Ẹ tún wo òdòdó yẹ́lò ńlá tó ń gba gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní jọ̀gbọ̀ nítorí kíkorò rẹ̀: láti Mẹ́síkò ló ti wá, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n wò gbìn ín. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká ń ṣe màlúù àti àgùntàn tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí lára ohun tí òǹkọ̀wé yín ní kí a tu.

Ohun kan tún wà tí ó ń kọ mí lóminú ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n mú kálámù. Òǹkọ̀wé yín pe òdòdó náà ní “ogbe àkùkọ”. Mo mọ̀ pé ìrísí rẹ̀ ló wò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn lékuléja, ogbe àkùkọ tiwọn jẹ́ ewéko mìíràn tó ń hù ní etí gọ́tà àti ààtàn, tí wọ́n tún ń pè ní àgógo igún, tí òdòdó kéékèèké rẹ̀ tò sórí ọ̀pá kan tó ká ní ṣóńṣó bí ẹnu igún. Onírúurú oògùn ni wọ́n ń fi ṣe, ṣùgbọ́n májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Bí mo bá wá kọ sínú ìwé ìròyìn kan náà pé ogbe àkùkọ yín ṣeé jẹ, tí ẹnì kan sì lọ já ogbe àkùkọ ti lékuléja sínú ìkòkò, ta ni yóò jíyìn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe òdòdó yẹn ní ṣọkọ ológbe, tàbí orúkọ mìíràn tí kò ní fa àṣìmú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tìtorí lẹ́tà yìí lọ já òdòdó tó rà ní ẹ̀bá títì sínú ọbẹ̀. A kò mọ kẹ́míkà tí wọ́n fín sí i lára kí wọ́n tó gbé e jáde. Irúgbìn rẹ̀ ni kí ó gbà, kí ó gbìn ín sínú ilẹ̀ tí ó mọ̀, kí ó wá jẹ ewé èyí tó bá hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé ológbe kì í fẹ̀ tó ti ṣọkọ ọjà.

Gbígba irúgbìn yìí ni mo fẹ́ kí ojú ewé iṣẹ́ àgbẹ̀ yín fi kọ́ àwọn ènìyàn, nítorí bí gbogbo wa bá ń fa ṣọkọ tu kí ó tó yọ òdòdó, ibo ni a óò ti rí irúgbìn rẹ̀? Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975 ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí a lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n irúgbìn ìyá mi kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu ọ̀nà tiwa ló gbọ́dọ̀ wà. Kí ènìyàn fi igi márùn-ún sílẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ jù, tí kò sì tètè yọ òdòdó. Nígbà tí ìsàlẹ̀ orí òdòdó bá ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, kí ó gé e, kí ó dorí rẹ̀ kodò sínú aṣọ funfun fún bí ọjọ́ mélòó kan, kí ó fọwọ́ ra á, kí ó sì fẹ́ ẹ lójú atẹ́ níbi tí atẹ́gùn kò ti le, nítorí ó fúyẹ́, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ olórí lọ. Nígbà tí ó bá fẹ́ fún un, kí ó po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà dà síbì kan. Bí ó bá jẹ́ ewé ló fẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ó fún un. Nígbà tí ọjọ́ bá ń kúrú sí i ní ìparí ọdún, ṣọkọ máa ń sáré yọ òdòdó kí ó tó ga, òdòdó nìkan ni irú àkókò bẹ́ẹ̀ dára fún. Kí ó má sì ṣe gbìn ín sójú kan náà lọ́dọọdún, kòkòrò kékeré kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ wú kókó kókó.

Nínú èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé mi ni mo ti tún rí irúgbìn gbà, n kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Mo ti pín in sínú ìwé kéékèèké 24, iye ilé tó wà ní àdúgbò wa. Ní ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni pé kí àwọn agékoríko fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri onílé kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án, kí a sì gbin ṣọkọ pupa sí ẹnu géètì ńlá nígbà tí òdòdó ọlọ́wó yẹn bá kú. Ìwé kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn 24 náà. Mo fi í sínú àpò lẹ́tà yìí fún ọ́fíìsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.